Láíbírì cryptography àti òǹtẹ̀ àwọn ẹlẹ́ja Èbúté: ohun tí ojú mi rí lórí private_bytes

Ìyá Alága ló bi mí ní ìbéèrè tó kó mi wọ iṣẹ́ yìí. Àwọn ni wọ́n ń darí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ẹlẹ́ja ní Èbúté, Ìkòròdú. Ẹnìkan ti lọ gbẹ́ ayédèrú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ sórí rìsíìtì, ó sì ti fi gbowó lọ́wọ́ ìyá méjì kí àṣírí tó tú. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí sí ìsọ̀ wọn, ẹja ni wọ́n ń ha ìpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà tí o ń tẹ̀ ní Agric yẹn, ṣé ó lè ṣe òǹtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gbẹ́ irú rẹ̀?"

Mo ní ó lè ṣe é, mà.

Ó sì ṣe é. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń lo láíbírì (àkójọ kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀ fúnni) tó ń jẹ́ cryptography, èyí tó wà fún àwọn tó ń fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python kọ kóòdù. Kò sí rìsíìtì ẹgbẹ́ yẹn tí kì í gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí nípa rẹ̀. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí gbogbo rẹ̀, nítorí ó pọ̀ ju ohun tí mò ń lò lọ. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró lé: iṣẹ́ tí wọ́n pè ní private_bytes, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti ń di báìtì tí èèyàn lè kọ sínú fáìlì, tó sì lè gbé láti ilé dé Èbúté. Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú, ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́n.

Fún ẹni tí kì í kọ kóòdù, kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, ìbejì ni wọ́n. Ti ìkọ̀kọ̀ ni òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ló ń buwọ́ lu rìsíìtì. Ti gbangba ni a fi ń wò ó bóyá ìbuwọ́lù náà jóòótọ́. A lè pín in fún gbogbo ọjà, kò léwu. Irú èyí tí mo yàn ni Ed25519, tí Daniel J. Bernstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2011. Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni pé kì í gba àyè. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ jẹ́ báìtì 32, ti gbangba jẹ́ 32, ìbuwọ́lù rẹ̀ jẹ́ 64. Èyí wọ inú QR tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré wa ń tẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ láìsí wàhálà. RSA 2048, irú kọ́kọ́rọ́ mìíràn, ni mo kọ́kọ́ dán wò, báìtì 256 ni ìbuwọ́lù rẹ̀ nìkan, QR rẹ̀ sì dí débi pé fóònù Ìyá Alága kò rí i kà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àṣìṣe ńlá ni mo ṣe. Gbogbo ìgbà tí kóòdù mi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ló ń pe Ed25519PrivateKey.generate(), mi ò sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà síbì kankan. Inú iyè ẹ̀rọ nìkan ló ń gbé. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe rí ládùúgbò wa. Ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn tí wọ́n kọ́ láti pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì wà létí ọ̀sà níbí, síbẹ̀ ariwo jẹnẹrétọ̀ ni a fi ń sùn. Iná lọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, bátìrì láptọ́ọ̀pù kú, mo tan jẹnẹrétọ̀, kóòdù gbéra padà, ó sì ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ tuntun. Gbogbo rìsíìtì àárọ̀ ọjọ́ yẹn di ayédèrú lójú ẹ̀rọ. Ìyàwó ilé kan tó ti san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà dúró níwájú mi, ó ń wo àmì pupa tó yọ lójú fóònù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà kẹ̀?" Mi ò tíì gbàgbé ojú tó fi wò mí.

Bí mo ṣe mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ kúrò nínú iyè ẹ̀rọ kó di ohun tó ṣeé tọ́jú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fi hàn mí níbi tí mo ti kọ́ Python, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan tí mi ò ní dárúkọ, ni pé kí n tẹ báìtì kọ́kọ́rọ́ jáde sójú ẹ̀rọ, kí n dà á kọ, kí n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè kóòdù báyìí: KEY = b"..." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, mo gbé kóòdù náà sórí Git, ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tó bá bá kóòdù, kí àbúrò mi kan tó wà ní Òwútù lè bá mi tún ojú rẹ̀ ṣe. Ó ti gbà á sórí láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ kí n tó rántí pé òǹtẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́ wà ní ìlà kẹsàn-án. Mo sáré pa ìlà náà rẹ́. Àbúrò mi ló pè mí pé, "Àǹtí, ó ṣì wà nínú ìtàn Git o," ó sì fi hàn mí: ẹni tó bá ní ẹ̀dà kóòdù náà lè padà sẹ́yìn lọ bá a níbi tó wà kí n tó pa á rẹ́. Mi ò fura sí ọmọ náà rárá. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ tó ti jáde ti jáde. Mo ṣẹ̀dá òmíràn, a sì tún rìsíìtì 212 tẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí Ìyá Alága fúnra wọn ń kó o kiri ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bá mi bẹ àwọn èèyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó ka ìwé ìtọ́nisọ́nà láíbírì yìí dáadáa, ibẹ̀ ni ìfẹ́ mi sí i ti bẹ̀rẹ̀. private_bytes kì í fún ọ ní báìtì kankan àfi tí o bá kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni o fẹ́ fi kọ ọ́? Báwo ni o ṣe fẹ́ tò ó? Àgádágodo wo ni o fẹ́ fi sí i? Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yóò bá ọ yàn lẹ́yìn rẹ. Bí tèmi ṣe rí lónìí nìyí:

data = onte.private_bytes(
    encoding=Encoding.PEM,
    format=PrivateFormat.PKCS8,
    encryption_algorithm=BestAvailableEncryption(pasi),
)

Ìbéèrè àkọ́kọ́, ohun tí a fi kọ ọ́, PEM àti DER ló wọ́pọ̀ jù. DER ni báìtì gan-an, tí ojú èèyàn ò lè kà. PEM ni DER yẹn kan náà tí wọ́n fi base64, ìyẹn lẹ́tà lásán tí ojú lè rí kà, kọ, lẹ́tà 64 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá fi ìlà BEGIN sókè àti ìlà END sísàlẹ̀. Móínmóín kan náà ni, ọ̀kan wà nínú ewé, ìkejì wà nínú agolo. Ìwé tó gbé PEM jáde lọ́dún 1993 fẹ́ fi dáàbò bo lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Lílo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é kò gbilẹ̀, àmọ́ ewé tí wọ́n fi dì í ló wá kárí ayé.

Mo lo alẹ́ odindi kan lórí kíka báìtì wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí alẹ́ tó ṣe mí láǹfààní tó bẹ́ẹ̀ rí nínú iṣẹ́ yìí. Tí o bá kó kọ́kọ́rọ́ Ed25519 jáde ní DER àti PKCS8 láìsí pásíwọ́ọ̀dù, báìtì 48 ló máa fún ọ. 16 àkọ́kọ́ kì í yí padà fún ẹnikẹ́ni, ó ń sọ irú kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́. 32 tó kù ni kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Báìtì 48 sì ń di lẹ́tà base64 64 gééré, ìlà kan ṣoṣo, láìṣẹ́kù. Nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà, gbogbo kọ́kọ́rọ́ Ed25519 tó bá wà ní ìhòòhò nínú PEM bẹ́ẹ̀ ló ń fi MC4CAQAwBQYDK2Vw bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí ògiri yàrá iṣẹ́ mi. Kí kóòdù tó kúrò lọ́dọ̀ wa, a máa ń wá a nínú gbogbo fáìlì. Tí a bá rí i, ẹnìkan ti gbàgbé òǹtẹ̀ síta.

Ìbéèrè kejì, bí a ṣe tò ó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. PKCS8 ni kí o lò. Ó ń gbé orúkọ irú kọ́kọ́rọ́ náà dání nínú ara rẹ̀, láíbírì èdè mìíràn sì lè kà á. TraditionalOpenSSL wà fún àwọn tó ní ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò gbọ́ èdè mìíràn, òun ló ń kọ BEGIN RSA PRIVATE KEY. OpenSSH wà fún ẹni tó fẹ́ fi wọlé sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn.

Ìbéèrè kẹta ni mo fẹ́ràn jù. BestAvailableEncryption tó wà lókè yẹn ló ń fi pásíwọ́ọ̀dù ti kọ́kọ́rọ́. Tí o bá fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ jáde ní ìhòòhò, dandan ni kí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ NoEncryption() sílẹ̀. Kò sí bí o ṣe lè fò ó. Bí o bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, kóòdù ò ní ṣiṣẹ́. Mo ti lo PyCryptodome rí, láíbírì tó dára ni, ṣùgbọ́n export_key tirẹ̀ máa ń kó kọ́kọ́rọ́ RSA jáde ní gbangba tí o ò bá dárúkọ pásíwọ́ọ̀dù fún un, ẹni tó ń kánjú kò sì ní mọ̀ pé òun ti yan nǹkan. PyNaCl rọrùn ju ìyẹn lọ: ó máa kó báìtì 32 lé ọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ àgádágodo di tìẹ. Cryptography fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ pé mi ò ti ilẹ̀kùn.

Ohun kékeré lèyí lójú ẹni tó ń dá kọ kóòdù. Lọ́dọ̀ mi, ọmọ méjì ló ń kọ́ṣẹ́. Kí n tó gba kóòdù wọn wọlé, mo máa ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, NoEncryption. Ibi tí mo bá ti rí i, a ó jọ jókòó, wọ́n á sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Nígbà mìíràn ìdí wà: kọ́kọ́rọ́ ìdánwò ni, tí kì í buwọ́ lu rìsíìtì owó kankan. Nígbà mìíràn ọmọ náà á kàn wò mí, á ní, "Àǹtí, bí mo ṣe rí i níbi tí mo ti dà á kọ nìyẹn." A ó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Mi ò mọ bí ǹ bá ṣe máa rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ká ní láíbírì yìí máa ń dákẹ́.

Pásíwọ́ọ̀dù wá kó wa sí ọ̀ràn tí mi ò kà níbì kankan, ọ̀rọ̀ tiwa-n-tiwa sì ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí ní Yorùbá. Èmi ò mọ pásíwọ́ọ̀dù òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyá Alága àti Bàbá Akọ̀wé nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àràárọ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ń tẹ̀ ẹ́ kí òǹtẹ̀ tó ṣí. Bàbá Akọ̀wé jẹ́ olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ gígùn kan, mo fi kún un pé kí wọ́n má wulẹ̀ fi àmì sí i. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kọ Yorùbá bí ẹni tó ń sá fún òjò. Èmi ò lè fi ọ̀rọ̀ tí kò lámì tilẹ̀kùn."

Ó dáa, sà. Mo lọ bá kóòdù. Ohun àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé ni pé Python kò gbà kí n kọ b"ẹja" rárá. Láàárín b"" lẹ́tà ASCII, ìyẹn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán tí kò lámì, nìkan ló ń gbà. Ìyẹn ò ṣòro: kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, kí o fi .encode("utf-8") sọ ọ́ di báìtì, kí o tó gbé e fún BestAvailableEncryption. Bàbá tẹ pásíwọ́ọ̀dù wọn lórí láptọ́ọ̀pù mi, èmi sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kọ́kọ́rọ́ tì. Mo gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀, ó ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní Èbúté, Bàbá tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lórí fóònù wọn. Láíbírì ní pásíwọ́ọ̀dù kò tọ̀nà. Wọ́n tún un tẹ̀. Kò tọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹlẹ́ja ti tò sílẹ̀, yìnyín ti ń yọ́ lára ẹja. Bàbá gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n wá rọra bi mí pé, "Ṣé orí mi ti ń gbàgbé ni?" Ìbéèrè yẹn dùn mí ju ohun tó bàjẹ́ lọ.

Orí wọn kò gbàgbé ohunkóhun. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn, "ẹja", lórí fóònù, èmi náà tẹ̀ ẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, mo sì tẹ báìtì méjèèjì jáde. Ti láptọ́ọ̀pù: E1 BA B9 6A 61. Ti fóònù: 65 CC A3 6A 61. Báìtì márùn-ún ni ti ìhín, márùn-ún ni ti ọ̀hún, ojú ò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bára mu rárá. Láptọ́ọ̀pù mi ń fi ẹ ránṣẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo. Fóònù Bàbá ń fi e ránṣẹ́, ó wá ń fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Tí àmì ohùn bá tún gun orí rẹ̀, ó burú sí i: ẹ́ lè jẹ́ báìtì márùn-ún lọ́nà tó ju ọ̀kan lọ, ó sì lè jẹ́ mẹ́rin tó bá jẹ́ pé é ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ kí àmì ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nínú ọ̀rọ̀ gígùn Bàbá, tó kún fún ẹ àti ọ àti ṣ, ibi tí ìyàtọ̀ ti lè wọlé kò lóǹkà.

Ìlà kan ló yanjú rẹ̀. Kí o tó sọ pásíwọ́ọ̀dù di báìtì, kọ́kọ́ gbà á gba inú unicodedata.normalize("NFC", ọ̀rọ̀), èyí tó ń sọ onírúurú ọ̀nà kíkọ lẹ́tà alámì kan náà di ọ̀kan, nígbà tí o bá ń tì í àti nígbà tí o bá ń ṣí i. Mo fi sí i, Bàbá tẹ̀ ẹ́, òǹtẹ̀ ṣí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ síbi tí àwọn mìíràn á ti rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ gùn tó báyìí. Kì í ṣe ẹ̀bi láíbírì. Báìtì ló ní kí a gbé wá, báìtì tí a gbé wá ló lò. Síbẹ̀ gbólóhùn kan lórí rẹ̀ nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà ì bá gba ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ èdè alámì, àwa àti àwọn Vietnam, lọ́wọ́ irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti Raw, ìyẹn kíkó báìtì 32 jáde láìní ewé kankan, láíbírì ò jẹ́ kí o da á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Tí encoding bá jẹ́ Raw, format gbọ́dọ̀ jẹ́ Raw, àgádágodo sì gbọ́dọ̀ jẹ́ NoEncryption, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kọ̀ jálẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ewu Raw ni pé báìtì 32 kì í sọ orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi tọ́jú kọ́kọ́rọ́ méjì ní Raw, Ed25519 kan fún rìsíìtì, X25519 kan fún títi àwọn ẹ̀dà ìwé owó, ó sì gbé ọ̀kan sípò èkejì. Báìtì 32 ni àwọn méjèèjì. Láíbírì gbà á, kò ké, rìsíìtì ń jáde, kò sì sí ọ̀kan tí fóònù àwọn ẹlẹ́ja gbà pé òótọ́ ni. Ká ní PKCS8 ló lò ni, nọ́ńbà irú kọ́kọ́rọ́ á ti wà nínú rẹ̀: 2B 65 70 fún Ed25519, 2B 65 6E fún X25519. Báìtì kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ wọn, ó sì tó láti dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé PEM sórí sáfà nípa fífi í sí àyè tí wọ́n ń pè ní environment variable yóò bá ọ̀rọ̀ ìlà pàdé. Ọ̀pọ̀ ibi ni ìlà BEGIN àti ìlà tó tẹ̀ lé e ti máa ń lẹ̀ pọ̀, tàbí kí \n jókòó sáàárín wọn bí lẹ́tà méjì lásán, load_pem_private_key ò sì ní mọ ohun tí o gbé wá. Mo fi wákàtí méjì wá a rí. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo kó o jáde ní DER pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù, mo sọ DER náà di base64 tí kò ní ìlà, mo sì fi load_der_private_key ṣí i lọ́hùn-ún.

Ẹ̀dùn ọkàn mi kan wà. Láti ẹ̀dà 40 ni wọ́n ti fi private_bytes_raw() kún un fún Ed25519 àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Kò bi ọ́ ní ìbéèrè kankan, báìtì 32 ní ìhòòhò ló máa gbé lé ọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó rọrùn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó bèèrè fún un ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá NoEncryption kiri inú kóòdù, bíi tèmi, kò ní rí i. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n là sí ilé tí mo fẹ́ràn nítorí pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ọ̀rọ̀ méjì ni mò ń wá báyìí dípò ọ̀kan.

Ohun mìíràn tí kò tẹ́ mi lọ́rùn, Python ló ni ín ju láíbírì lọ. Báìtì tó bá ti jáde kò ṣeé nù kúrò nínú iyè ẹ̀rọ. O ò lè fi òdo kọ lé e lórí bí àwọn tó ń lo C ti ń ṣe. Àwọn tó ṣe láíbírì kò fi èyí pamọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ààlà ibi tí agbára wọn mọ nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí rẹ̀. Kódà orúkọ àpótí tí wọ́n kó gbogbo èyí sí, hazmat, ohun eléwu ló túmọ̀ sí, bí àmì tí wọ́n ń kọ sára táńkà epo tó ń gba ojú ọ̀nà Ṣàgámù kọjá níwájú wa níbí. Bí o bá ń pe hazmat nínú kóòdù rẹ, o ti mọ ohun tí o gbé.

Gbígbé e sórí ẹ̀rọ kì í gba àkókò: bíi mẹ́gábáìtì mẹ́rin lórí láptọ́ọ̀pù, kò jẹ dátà. Lórí fóònù, nínú Termux, áàpù tó ń jẹ́ kí fóònù ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà, ẹ má fi pip, ohun tí Python fi ń gba láíbírì, gbà á o. Láti ọdún 2021 ni Rust, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ti wà nínú rẹ̀, fóònù yóò sì fẹ́ kọ́ Rust yẹn fúnra rẹ̀, bátìrì á kú kó tó parí. pkg install python-cryptography ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni láíbírì náà. Àwọn bíi Alex Gaynor àti Paul Kehrer tó ń tọ́jú rẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó lábẹ́ àṣẹ Apache tàbí BSD, èyí tó bá wù ú.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a máa ń dán ẹ̀dà òǹtẹ̀ wò. Fláàṣì méjì ni a kó o sí, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan nínú àpótí owó Ìyá Alága, lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ dán ti Ìyá Alága wò, Bàbá tẹ pásíwọ́ọ̀dù, láíbírì sì kọ̀: ó ní a fún òun ní pásíwọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ náà ò tì. Ẹ̀dà ìgbà àtijọ́ ni, tí mo ti kó síbẹ̀ ní ìhòòhò tí mo sì ti gbàgbé. Ká ní láíbírì náà kàn ṣí i láìsọ̀rọ̀, bóyá ibẹ̀ ni ì bá wà títí dòní. Mo fọ́ fláàṣì yẹn níṣojú wọn, a sì ṣẹ̀dá òǹtẹ̀ tuntun lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a ṣe ìdánwò tó tẹ̀yìn jù. Ìyá Alága yọ fláàṣì lábẹ́ aṣọ, mo fi sí ẹ̀rọ, Bàbá Akọ̀wé mú fóònù wọn, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ó sì ṣí.